Bí A Ṣe Ta Ọkọ̀ Edé Bàbá Mi ní Mákun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àárẹ̀, kó lọ polówó ọkọ̀ ojú omi ní ìlú tí kò lọ́sà. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo polówó ọkọ̀ yẹn títí tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè mí ní ìyá ọlọ́kọ̀. Inú agbo ilé wa ní Mákun, ní Ṣàgámù, ló wà. Orí igi ni wọ́n gbé e lé, lábẹ́ páànù, ó gùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá mi dé etí kànga. Ẹni tó bá fẹ́ pọnmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i po. Mo ti fi orókún gbá a lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń bú u bí ẹni ń bú èèyàn.

Ọkọ̀ edé ni. Pákó ni wọ́n fi kàn án, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbẹ́ láti inú ìtí igi kan ṣoṣo. Ẹni tó kàn án ti kú tipẹ́, àwọn tó sì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Bàbá mi fi ń dẹ ìgèrè ni, apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́nu tóóró tí edé máa ń kó sí tí kò ní mọ ọ̀nà àbájáde. Ọmọ Rẹ́mọ ni bàbá mi o, ọmọ Mákun pọ́ńbélé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń roko, àwọn mìíràn ń ṣòwò obì, òun nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà lọ́nà Ìkòròdú, ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Ègùn kan, ó sì di ará omi. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Kí a tó rí i la ti máa ń gbóòórùn edé.

Nígbà tí orókún rẹ̀ kọ iṣẹ́, a rò pé yóò ta ọkọ̀ náà sétí omi fún àwọn tí yóò lò ó. Rárá o. Lọ́rì ló háyà, ó gbé e wálé. Gbogbo Mákun ló jáde wá wòran. Wọ́n ní àwọn ẹlòmíràn ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gbé àpótí aṣọ bọ̀, èyí gbé ọkọ̀ ojú omi bọ̀, àfi bí ó bá ti gbọ́ pé ìkún omi ń bọ̀.  Bàbá mi ní kí wọ́n rọra gbé e kalẹ̀.

Oníṣòwò obì ni ìyá mi, ilé bàbá rẹ̀ ló ti bá òwò náà. Obì kún ilé wa débi pé a máa ń fo agbọ̀n kọjá ká tó dé ibùsùn. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ dé, bàbá mi lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tó fi máa dé, ìyá mi ti to agbọ̀n obì sínú ọkọ̀ láti iwájú dé ìdí, ó fi ewé tútù bò wọ́n, ó tún tẹ́ àpò ìdọ̀họ lé ewé lórí. Ariwo ọjọ́ yẹn, ẹ má béèrè.

"Ṣé ọkọ̀ mi lo sọ di ìsọ̀ obì?"

"Kí ni ọkọ̀ yín ń ṣe lọ́wọ́? Àbí ó ń lọ sódò lónìí ni?"

Ìjà yẹn kò parí. Láràárọ̀ ni ìyá mi máa ń wọ́n omi sí ewé àti àpò náà, nítorí obì kò fẹ́ afẹ́fẹ́; tó bá gbẹ, á hunjọ, kò sẹ́ni tó máa rà á. Omi náà á máa ro lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Láràárọ̀ náà ni bàbá mi máa ń pariwo láti inú yàrá pé, "O fẹ́ jẹ́ kí igi mi jẹrà!" Ìyá mi á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, baálé mi," á sì máa bu omi rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi ń kí ara wọn nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kódà nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Tí o bá dìde, wàá lọ kó obì rẹ kúrò nínú ọkọ̀ mi." Kò dìde mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Lẹ́yìn fìdáù, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé l'Ékòó ní kí a wá ṣe ohun tí bàbá ti ń fẹ́ látọjọ́ yìí. Ó kó obì jáde. Ó fi ọṣẹ fọ ọkọ̀, ó fi àkísà nù ún gbẹ, ó kùn ún ní fáníìṣì kó máa dán, ó kan páànù sí i lórí kí òjò má baà pa á, ó sì ra tapólì tí a fi bò ó. Mọ́tò tuntun ni wọ́n máa ń tọ́jú báyẹn. Bàbá mi ní kí a gbé àga òun síwájú rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jọ ọkọ̀." Inú gbogbo wa dùn. Ẹ̀gbọ́n mi padà s'Ékòó, ó ku èmi àti bàbá.

Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ń gbé. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká síbi iṣẹ́ wọn, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà níwájú ilé. Bàbá mi kò lè dá rìn mọ́ láìjẹ́ pé ó di nǹkan mú, ó sì ti ṣubú nílé ìwẹ̀ rí. Nítorí náà láràárọ̀ màá wọ kọ̀rọ́pẹ̀ lọ sí Ṣàgámù, màá gbé omi ìwẹ̀ fún un, màá dáná, màá fọṣọ, màá gbálẹ̀, màá tún wọ kọ̀rọ́pẹ̀ padà sí Ìkẹ́nnẹ́. Oníbàárà á ti jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa wò mí bí olè. Ẹ̀yìn ń ro mí, ẹsẹ̀ mi ń wú. Nígbà mìíràn oorun á gbé mi lọ nínú kọ̀rọ́pẹ̀, awakọ̀ á ní, "Màmá, a ti dé o," màá sì jókòó síbẹ̀, màá máa ronú ọ̀nà wo ni mo ń lọ gan-an, àlọ ni àbí àbọ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. "Bàámi, ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé ní Ìkẹ́nnẹ́. Yàrá wà níbẹ̀."

"Ta ni màá fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ fún? Ewúrẹ́?"

"Ẹ jẹ́ ká tà á nígbà náà."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó máa gbé e sómi nìkan ni kó rà á. Kí n sì fojú mi rí i kó léfòó. Lọ́jọ́ tí mo bá rí i, màá bá ọ lọ." Mo ní kó búra. Ó ní ṣé orí mi pé, bàbá wo ló ń búra fún ọmọ? Àmọ́ ó ti sọ ọ́, bàbá mi kì í sì í yẹ ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe di ìyá ọlọ́kọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá lọ ni èmi náà máa sinmi, mo ń sọ ọ́ fún ara mi bí àdúrà.

Káfíńtà kan ló kọ́kọ́ wá. Ó gbá ọkọ̀ náà, kó-kó-kó, ó fetí sí i, ó ní igi rẹ̀ dáa, yóò ṣe férémù ilẹ̀kùn. Bàbá mi ní kó súnmọ́ òun. Ó ní, "Tí mo bá gbá ìwọ náà lórí báyìí, kí lo máa ṣe?" Káfíńtà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ní ilé ìtura lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ dé. Ó fẹ́ dá ọkọ̀ náà dúró lóòró, kó kan pẹpẹ sínú rẹ̀, kó to ìgò sí i. Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó fi àwòrán hàn wá. Bàbá mi kò wo fóònù, ọkùnrin náà ló ń wò. "Ọtí ni yóò máa gbé?" Òun náà lọ. Mo sìn ín dé títì, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, àmọ́ èmi gan-an ni mo ń bínú.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan wá láti Símáwà. Àwọn ọmọdé wọn fẹ́ ṣe eré Nóà, wọ́n ń wá ọkọ̀. Wọ́n kí bàbá mi dáadáa, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ní, "Ànábì Núhù kò gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ kó máa fi ṣeré." Orí ilẹ̀ gbígbẹ gan-an ni Ànábì Núhù ti kan ọkọ̀ tirẹ̀, èmi mọ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ̀, a wo ojú ara wa, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Bàámi, ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ tà á. Ẹ sọ fún mi kí n mọ̀." Ó ní kí n gbé oúnjẹ wá.

Ọyẹ́ ọdún méjì ti fẹ́ lu ọkọ̀ yẹn lábẹ́ páànù kí ọkùnrin apẹdé kan tó wá. Etí omi lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Ògíjo, ló ti wá. Ẹnì kan tó ń ra edé lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ fún un. Kò gbá ọkọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ojú ibi tí pákó ti pàdé ara wọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Bàbá mi ń wò ó láti orí àga. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó béèrè ìbéèrè kan péré.

"Bàbá, apá ibo ló máa ń tẹ̀ sí?"

"Òsì," ni bàbá mi wí. "Tí atẹ́gùn bá ti ẹ̀yìn wá. Jókòó sápá ọ̀tún díẹ̀, á gbọ́ràn."

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti tà á. Àmọ́ ọkùnrin náà ní òun kì í ra ọkọ̀ lórí ilẹ̀. Ó ní kí a jọ gbé e sómi ná, kí òun rí i, kí bàbá náà rí i. Bàbá mi ní, "Ọmọ omi nìyí." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Lọ́rì akópákó la fi gbé e. Bàbá mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó wọ agbádá rẹ̀ funfun bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀, mo di etí rẹ̀ mú, èéfín ilé iṣẹ́ Ògíjo ń wọ̀ mí lójú. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni yàrá tí mo ti tún ṣe sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ibùsùn tó wálẹ̀ dáadáa tí orókún bàbá mi kò fi ní dà á láàmú.

Wọ́n tì í sómi. Ó léfòó. Bàbá mi ké "Alláhù Àkíbárù!" láti orí àga tí a gbé e sí létí omi. Kò tíì pa ẹnu dé tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ọkọ̀. Kì í ṣe ibì kan ló ti ń yọ o, gbogbo ojú ìpàdé pákó ni, láti iwájú dé ìdí. Asẹ́ ni ọkọ̀ yẹn. Ọkùnrin náà gbé igbá, ó gbọ́n omi, ó gbọ́n omi, ó jáwọ́. Ọkọ̀ náà rọra wọlẹ̀ títí tó fi ku etí rẹ̀ nìkan lójú omi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí iyanrìn. Mo ní ó ti tán. Mi ò ronú ọkọ̀, mi ò ronú bàbá, kọ̀rọ́pẹ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ń rò.

Ọkùnrin apẹdé kò bínú. Ẹ̀rín ló ń rín. "Ìyá wa, ibo lẹ gbé ọkọ̀ yìí sí?"

Mo sọ fún un. Ọṣẹ, àkísà, fáníìṣì, páànù, tapólì. Bí mo ṣe ń kà á ni ẹ̀rín rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó ní, "Ẹ gbé e pamọ́ bíi mọ́tò. Igi tó bá mọ omi, tí ẹ bá fi omi dù ú, yóò súnkì, àárín pákó á là." Lẹ́yìn náà ni ó wojú bàbá mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Àmọ́ bàbá, ẹ ní ó ti pẹ́ gan-an lórí ilẹ̀. Lílà tó là yìí kò pẹ́. Tó bá jẹ́ látìgbà yẹn ló ti ń gbẹ, pákó ì bá ti ká. Ẹnì kan ti ń fún un lómi."

 Ọwọ́ bàbá mi wà lórí ọ̀pá. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Obì ni," ló wí. "Ìyá wọn ni."

Jíjẹrà nìkan ni bàbá mi mọ̀ pé ó ń pa ọkọ̀. Látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ omi, ọkọ̀ rẹ̀ kò gbẹ rí, níbo ló ti máa mọ ohun tí gbígbẹ ń ṣe? Ọkùnrin náà ní kí a má dààmú. Ó kó òkúta sínú ọkọ̀, ó jẹ́ kó rì pátápátá sí ibi tí omi kò ti jìn. Ó ní kó mu omi yó, yóò wú padà, kí a wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti etí omi dé Mákun, bàbá mi kò sọ̀rọ̀.  Mo ní ìbínú ni.

Lọ́sẹ̀ kejì a padà lọ. Wọ́n kó òkúta kúrò, wọ́n gbọ́n omi inú rẹ̀, ọkọ̀ náà léfòó, omi kankan kò wọ inú rẹ̀. Ọkùnrin náà wà á lọ títí tí a fi ń wò ó ní kékeré, ó yí i padà, ó jókòó sápá ọ̀tún díẹ̀ bí bàbá mi ṣe wí. Ó ní kí a gbé bàbá wọ inú rẹ̀, kó jẹ̀gbádùn. Bàbá mi ní rárá. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan etí ọkọ̀ náà, ó ṣàdúrà fún ọkùnrin náà pé omi kò ní gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ parí. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn láìlálàá.

Lówùúrọ̀ mo gbé àpò ńlá méjì lọ sí Mákun láti lọ di ẹrù rẹ̀. Yàrá ṣófo. Mo rò pé ó ti ṣubú síbì kan. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, lórí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá mi. Mi ò mọ bó ṣe gbé ara rẹ̀ àti àga dé ibẹ̀. Ògiri ló ní òun dì mú.

"Bàámi, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí."

"Ẹ ṣèlérí."

"Ǹjẹ́ o rò pé ó mọ̀?" Ó nawọ́ sí sàréè. "Gbogbo omi tó ń bù sínú ọkọ̀ yẹn. Ṣé ó mọ ohun tó ń ṣe?"

Mo lè purọ́ fún un. Ó ti rẹ̀ mí jù láti purọ́. Mo ní, "Bàámi, obì rẹ̀ ló ń tọ́jú."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò." Ó mi orí. "Síbẹ̀, èébú ni mo fi san án fún un. Láràárọ̀. Títí dé orí ibùsùn àìsàn. Mo ní láti bẹ̀ ẹ́. Kò sì sí ní Ìkẹ́nnẹ́."

Mo ju àpò méjèèjì mọ́lẹ̀. Mo pariwo mọ́ bàbá mi, èmi tí mo dàgbà tó báyìí, mo pariwo débi pé aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. "Ó rẹ̀ mí! Bàámi, ó rẹ̀ mí! Ẹsẹ̀ mi nìyí, ẹ wò ó! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Mo sunkún. Mi ò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi.

Ó jẹ́ kí n sun ún tán. Ó wo ẹsẹ̀ mi lóòótọ́, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Mo rí i. Lọ sinmi, ọmọ mi. Má wá lọ́la. Má wá mọ́. Màá máa rọ́gbọ́n dá." Kò fi bínú, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń tú mi sílẹ̀ ni. Mo gbé àpò mi tó ṣófo, mo wọ kọ̀rọ́pẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mi ò lọ. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lásìkò, àwọn oníbàárà ní àwọn rí oòrùn tó yọ níwọ̀ oòrùn. Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo gé aṣọ, mo gé e ṣì. Ìsinmi tí mo ti ń wá látọjọ́ yìí wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ta ló gbé omi ìwẹ̀ fún un? Ó ti dá a gbé, ó ti di ògiri mú, ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ yẹn sì ń yọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán mo pe onílé tí mo háyà ilé àti ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mò ń kó kúrò. Mo bẹ àwọn oníbàárà, àwọn kan gba aṣọ wọn padà pẹ̀lú èpè.

Ní ọjọ́ Sátidé, mọ́tò kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ibùsùn tó wálẹ̀ yẹn, àti àwọn ìkòkò mi dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé wa. Bàbá mi ń wo bí wọ́n ṣe ń sọ ẹrù náà kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mọ́tò lọ.

"Ìgbà wo lo máa padà?" ló wá béèrè.

Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná." Mo sì jókòó.